Bí a ṣe ń mọ ẹsẹ̀ pósítíìfù sípíkà ọkọ̀: awọ ni kí ẹ bi, ẹ má bi àwọ̀

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo fẹ́ kí Camry mi máa dún dáadáa kó tó di ọjọ́ Ojúde Ọba, mo bá ra sípíkà tuntun méjì fún ilẹ̀kùn iwájú, mo sì fi ọwọ́ ara mi so wọ́n. Mo gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo dorí kọ Ṣàgámù, mo fi fújì sí i. Orin ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìlù nínú rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún ketekete, àmọ́ ìyá ìlù ti sọnù. Ohùn olórin fọ́n káàkiri, n kò mọ̀ bóyá ọ̀tún ló ti ń wá ni àbí òsì. Mo ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, mo ní ayédèrú ló gbé fún mi. A ti ń pariwo mọ́ra wa kí ọmọ ríwáyà kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà tó dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó ná." Ó tú ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó pààrọ̀ ipò wáyà méjèèjì, ó tan rédíò. Ìyá ìlù wọlé. Mo bẹ ọlọ́jà náà títí ó fi rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo wo àwọ̀ wáyà, mo sì gbà á gbọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sípíkà

Lójú sípíkà, ohun kan wà tó ń gbọ̀n bí awọ ìlù. Àwọn kan ń pè é ní pépà; èmi á máa pè é ní awọ. Sípíkà ní ẹsẹ̀ méjì tí wáyà ń wọ̀, ọ̀kan pósítíìfù, ọ̀kan nẹ́gẹ́tíìfù. Bí iná bátìrì bá gba ẹsẹ̀ pósítíìfù wọlé, awọ á yọ síta. Bí a bá pa wọ́n dà, á fà wọ inú.

Sípíkà kan ṣoṣo kò mọ ìyàtọ̀. Bó ṣe wù kí ẹ so ó, á dún. Ìjà dé nígbà tí wọ́n bá di méjì, tí a sì pa ẹsẹ̀ ọ̀kan dà. Ti ọ̀tún ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ti òsì ń fa afẹ́fẹ́ kan náà sẹ́yìn, bí ẹni méjì tó dúró ti agbada kan, tí ọ̀kan ń da omi sí i, tí èkejì ń bù ú jáde. Béèsì, ìró tó wúwo bíi ti ìyá ìlù, ló máa ń bá a lọ jù. Ìró tó ń gbọ̀n nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó nǹkan bíi mítà 3.4, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò fẹ̀ tó mítà 2. Kò sí àyè tí ìró náà fẹ́ sá sí kó má bá ìkejì rẹ̀ pàdé kí wọ́n sì pa ara wọn. Ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kúrú gan-an ní tiwọn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yè é. Ẹ fọkàn balẹ̀ o, pípa ẹsẹ̀ dà kì í jó sípíkà. Ó kàn ń ba orin jẹ́ ni.

Kí ẹ tó ju sípíkà àtijọ́ nù

Sípíkà àtijọ́ ni ẹlẹ́rìí yín. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló so ó, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì dá ọwọ́ sí i, ó mọ wáyà tó jẹ́ pósítíìfù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fa wáyà yọ, wọ́n á ju sípíkà sẹ́yìn búùtù, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.

Ẹ pa rédíò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn: sukúrù máa ń fara pa mọ́ sẹ́yìn ibi tí a ti ń fà ilẹ̀kùn ṣí àti lábẹ́ ibi tí a ń gbé apá lé, kílíìpù ló kù. Ẹ tú sípíkà kúrò lójú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ wáyà. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára sípíkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Bí ẹ bá fi bátìrì kan sípíkà tí wáyà rẹ̀ ṣì so mọ́ rédíò, iná á gba ẹ̀yìn wọ rédíò, ó sì lè pa á.

Ó wá ku bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, èyí tó jẹ́ fóòtì (volt) 1.5, àti wáyà kékeré méjì. Ẹ di wáyà kan mú lórí bátìrì níbi tó ní fìlà, ìyẹn pósítíìfù, ẹ di èkejì mú ní ìdí rẹ̀. Ẹ fi wọ́n kan ẹsẹ̀ sípíkà méjèèjì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ yára gbé wọn kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti pọ̀ jù. Ẹ ó gbọ́ "tọ́ọ̀". Ẹ wo awọ dáadáa. Bí ojú yín kò bá rí i, ẹ gbé ìka kan lé e láì tẹ̀ ẹ́, ìka á gbọ́ ohun tí ojú kò rí. Tó bá yọ síta, ẹsẹ̀ tí fìlà bátìrì kàn ni pósítíìfù. Tó bá wọ inú, ẹsẹ̀ kejì ni. Ẹ wo fọ́tò yín, kí ẹ mọ wáyà tó wà lẹ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ lẹ tépù kékeré mọ́ ọn, kí ẹ fi bírò kọ + sí i.

Bí awọ náà bá tóbi tí kò sì mira, ẹ lè lo bátìrì onígun ti fóòtì 9, ṣùgbọ́n kó yá kánkán ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣe é fún tùwítà, sípíkà kékeré tó wà lókè lẹ́bàá gíláàsì. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, kò sì sí ohun tí ojú máa rí níbẹ̀. Àmì + tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun náà. Lára ọ̀pọ̀ sípíkà, ẹsẹ̀ tó fẹ̀ ni pósítíìfù, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni nẹ́gẹ́tíìfù, tàbí kí wọ́n kun pósítíìfù ní pupa. Ṣùgbọ́n mo ti rí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tẹ àmì òdì sí lára, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ kí n tó fi bátìrì kàn án.

Ìdí tí àwọ̀ fi ń parọ́

Lójú wa, dúdú ni nẹ́gẹ́tíìfù, pupa ni pósítíìfù, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí lórí bátìrì ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ń ná ọ̀nà wa yìí, wáyà dúdú gan-an ni pósítíìfù sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì, yẹ́lò sì ni nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀. Lápá ọ̀tún, pupa ni pósítíìfù, funfun ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ti iwájú tilẹ̀ tún jẹ́ pínkì àti pọ́pù ní òsì, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ àti búlúù ní ọ̀tún. Pínkì àti àwọ̀ ewé yẹn ni pósítíìfù. Ta ni yóò fi ojú lásán mọ ìyẹn?

Rédíò tí a ń rà lọ́jà tún ní òfin tirẹ̀. Funfun ni ti iwájú òsì, eérú ni ti iwájú ọ̀tún, àwọ̀ ewé ni ti ẹ̀yìn òsì, pọ́pù ni ti ẹ̀yìn ọ̀tún. Wáyà tó bá ní ilà dúdú lára nínú méjì ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìdí rédíò nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ríwáyà mẹ́ta ti kọjá lára rẹ̀, kí ẹ gbàgbé àwọ̀.

Ohun kan wà tí mo ń rí tó ń dùn mí. Àwọn kan máa ń so nẹ́gẹ́tíìfù sípíkà mọ́ bọ́dì ọkọ̀, wọ́n ní bọ́dì náà ṣáà ni nẹ́gẹ́tíìfù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nínú rédíò ayé òde òní. Wáyà sípíkà méjèèjì ló ní nǹkan bíi fóòtì 6 lára bí rédíò bá ti wà lórí iná. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ bọ́dì nínú wọn. Ẹ so ọ̀kan mọ́ bọ́dì, rédíò yín lè jó. Ìdí kan náà ni tẹ́sítà oníná kò fi lè sọ èyí tó jẹ́ pósítíìfù fún yín.

Bí sípíkà àtijọ́ bá ti kú

Bí awọ kò bá mira rárá, ẹ fi mítà oníná (multimeter) tó ń wọn ohm, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó, wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Sípíkà 4 ohm tó yè á fi nǹkan bíi 3 sí 4 hàn; bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn, wáyà inú ti já, ẹlẹ́rìí ti kú. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì lẹ́yìn rédíò. Ẹ so sípíkà tuntun tí ẹ ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fi bátìrì kan wáyà méjèèjì ní ìdí ibi tí rédíò ti kúrò. Fún rédíò ọjà, fìlà bátìrì á kan èyí tó máa lọ bá wáyà tí kò ní ilà dúdú. Awọ yọ síta? Bí ẹ ṣe so ó nílẹ̀kùn tọ́ nìyẹn. Ó wọ inú? Ẹ yí i.

Ẹ gbọ́ ọ fún ara yín

Kí ẹ tó dá pánẹ́ẹ̀lì padà, ẹ gbé ohùn sí iwájú nìkan, ẹ fi báláǹsì sí àárín gbùngbùn, kí ẹ fi ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń sọ̀rọ̀ sí i. Ìròyìn orí rédíò dára púpọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá bára mu, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á jókòó sí àárín dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni pé ó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ò ní rí ibi tó jókòó sí. Ẹ wá fi orin onídùndún sí i, ẹ yí sípíkà kan ṣoṣo padà, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí ìyá ìlù bá ti wúwo jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má yí méjèèjì pa pọ̀ o, tí ẹ bá yí wọn pa pọ̀, wọ́n ṣì bára mu náà ni, etí kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, àfi tí ti ẹ̀yìn bá wọlé tí àwọn àti ti iwájú bẹ̀rẹ̀ ìjà tiwọn. Lẹ́yìn iwájú, ẹ ṣe ti ẹ̀yìn, kí ẹ wá pa mẹ́rin pọ̀.

Tí ẹ bá ń dá pánẹ́ẹ̀lì padà, ẹ lẹ ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ má fi ọ̀bẹ gé e dànù bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Òun ló ń dá omi òjò tó ń gba ojú gíláàsì wọlé dúró, òjò Ìjẹ̀bú kò sì mọ̀ pé sípíkà yín tuntun.