Bí mo ṣe ń so igi bodark méjì pọ̀ di ọrun kan

Tẹ́ ẹ bá ń gbé lápá Texas tàbí Oklahoma, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí igi bodark láìmọ̀ pé òun ni. Èso rẹ̀ tóbi bí ọsàn ńlá, aláwọ̀ ewé ni, ara rẹ̀ rí wúruwùru. Àwọn Faransé ló pè é ní bois d'arc, ìyẹn igi ọrun, torí wọ́n rí i pé òun làwọn Osage, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń ṣe ọrun, ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ló wá sọ ọ́ di bodark. Inú igi yìí pupa rúsúrúsú bí ata ilẹ̀ pupa, ó le, síbẹ̀ ó máa ń tẹ̀ dáadáa láìṣẹ́.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń wọ́. Kẹ́ ẹ tó rí èyí tó gún gbọọrọ tó fíìtì mẹ́fà, ẹ lè wá a tì. Àmọ́ fíìtì mẹ́ta tó gún, ìyẹn pọ̀, torí kí wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó gbòde lẹ́yìn 1874, òun làwọn àgbẹ̀ ń gbìn yí oko wọn ká, títí dòní wọ́n ṣì ń fi ṣe òpó ọgbà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń mú kúkúrú méjì, ká so wọ́n pọ̀ níbi ìdìmú.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó gbé ayùn: gọ́ọ̀mù kọ́ ló ń gbé oríkèé yìí dúró, bí igi méjèèjì ṣe wọnú ara wọn ni. Mo ti rí ẹni tó ra gọ́ọ̀mù olówó ńlá kó fi dí àlàfo, oríkèé yẹn là níjọ́ kejì tó fa ọrun.

Ẹ la ìtì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ mú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìbejì ni mo ń pè wọ́n, Táíwò lókè, Kẹ́hìndé nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mú Táíwò kẹ́ ẹ wá lọ mú ọmọ ọlọ́mọ tì í, ọ̀kan máa le ju ìkejì lọ, ọrun ò ní tẹ̀ dọ́gba. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ínṣì 36, oríkèé máa jẹ ínṣì 4 nínú ẹ̀, ọrun tó kù á jẹ́ ínṣì 68. Ẹ kun ọ̀dà sí ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa sán bó ṣe ń gbẹ, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dénú, ẹ má kánjú síbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ẹ bó èèpo kúrò, ẹ bó igi funfun abẹ́ ẹ̀ náà kúrò, tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tó pọ́n, ẹ tẹ̀ lé òrùka ọdún kan ṣoṣo, ìyẹn ìpele tí igi fi ń dàgbà lọ́dọọdún, láti orí dé ìdí, ẹ má gé e já níbì kankan. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ọrun, apá tó kọjú sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ta.

Ó wá kan oríkèé fúnra ẹ̀. Ẹ gbẹ́ ìdí igi méjèèjì kó fẹ̀ ní ínṣì kan ààbọ̀ géérégé, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró ṣánṣán sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ mú páálí, ẹ gé e ní ínṣì kan ààbọ̀ sí ínṣì mẹ́rin, ẹ pín ìbú ẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, ìdajì ìdajì ínṣì. Ẹ kọ orí ẹ̀ sókè, kí ìdí ẹ̀ kọjú sí yín. Láti igun òsì lókè, ẹ fa ìlà wá sí àmì àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, láti ibẹ̀ ẹ padà sókè sí àmì kejì, kẹ́ ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Ó máa rí bíi Z tó dùbúlẹ̀. Ẹ gbé páálí yìí lé ẹ̀yìn Táíwò, kí ìdí igi kọjú sí yín, ẹ yà á sórí ẹ̀, ẹ gbé e lé Kẹ́hìndé lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ má dojú páálí dé o! Mo dojú ẹ̀ dé nígbà kan, ṣóńṣó bá ń kọjú sí ṣóńṣó, igi tí mo ti jẹ́ kó gbẹ fún odidi ọdún kan ṣòfò lójú mi báyìí.

Ayùn eléyín wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ gé e lápá ibi tẹ́ ẹ máa sọ nù, kí ìlà pẹ́ńsù ṣì máa hàn. Ẹ ti méjèèjì wọnú ara wọn, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, kò tíì wọ̀. Èmi máa ń fi èédú pa ọ̀kan, máa tì í wọlé, máa fà á jáde, ibi tó bá ti dúdú lára ìkejì ló ń di ara wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo ń fi fáìlì irin ha díẹ̀díẹ̀. Mo lè ṣe èyí nígbà ogún. Àwọn kan máa ń se ìdí igi nínú omi kó rọ̀ kí wọ́n tó fún un pọ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tún gbẹ pátápátá kí gọ́ọ̀mù tó kàn án.

Kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ ta okùn láti ṣóńṣó kan dé ìkejì, ó gbọ́dọ̀ gba àárín ìdìmú kọjá. Tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún ojú oríkèé ha.

Bodark ní epo lára, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ràn ẹ̀, torí náà ẹ fi ásítóònù nù ún, ásítóònù gidi o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ tí wọ́n ti po òróró mọ́. Ẹ lo epoxy, gọ́ọ̀mù alápá méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, irú èyí tí kì í tètè gan, ẹ fi pa ojú méjèèjì, ẹ tì wọ́n wọlé, ẹ wé ọ̀rá sí i, kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà inú táyà, irú èyí tó wà lọ́dọ̀ fọganáísà, dì í gírígírí. Clamp, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń fún igi pọ̀, tó bá fún jù, ó máa ń fún gọ́ọ̀mù jáde tán, rọ́bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ta okùn wò kó tó gan. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lẹ igi kékeré mọ́ inú ìdìmú, ìyẹn apá tó kọjú sí yín, kó nípọn, kó sì gùn kọjá oríkèé lápá méjèèjì, torí oríkèé ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ rárá, apá ọrun nìkan ló ń tẹ̀. Ẹ fi òwú líle tẹ́ ẹ ti rì sínú gọ́ọ̀mù wé e yíká. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbẹ́ apá ẹ̀ kó tẹ̀ dọ́gba, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ìdìmú. Tó bá ta ṣá báyìí, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ tú òwú yẹn, kẹ́ ẹ wo ìlà Z náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.