Má fi oyún pamọ́ fún agbẹ̀bí: fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lóyún àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba

Níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, oyún kì í dé ẹnu títí yóò fi yọ síta. Bi ìyàwó tuntun léèrè ohun tó ń ṣe é, á ní ibà ni. Ìyá ọkọ ti mọ̀ láti ìgbà tó ti rí i tó ń tutọ́, ṣùgbọ́n òun náà á ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Èmi ò bá àṣà yẹn jà. Oyún àkọ́bí mi pé oṣù márùn-ún kí n tó lọ gba káàdì. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ bá ọkọ lọ sí Ìlú Ọba, tí ẹ máa ń pè mí lórí WhatsApp lóru, ẹ fi pamọ́ fún gbogbo ẹbí tó bá wù yín, ẹ ṣáà má fi pamọ́ fún agbẹ̀bí.

Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka oyún ní England, láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tí o rí gbẹ̀yìn, wọ́n sì fẹ́ rí ọ kí ọ̀sẹ̀ 10 tó pé. O lè kàn sí àwọn agbẹ̀bí ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ fúnra rẹ láìkọ́kọ́ rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló mú kí n máa pariwo ọ̀sẹ̀ 10 yìí. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún fòníkú-fọ̀ladìde, bí o bá sì jẹ́ AS, wọ́n á ní kí bàbá ọmọ wá yẹ tirẹ̀ náà wò. Ẹni tó tètè dé ló ń ráyè ronú sí èsì. Sikáànì àkọ́kọ́ wà láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, èkejì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20.

Fún oyún àkọ́kọ́, ìpàdé rẹ pẹ̀lú agbẹ̀bí lè tó mẹ́wàá. Má retí orin àti àtẹ́wọ́ bíi ti ọjọ́ klíníìkì nílé o. Ọmọ mi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ba òun lẹ́rù.

Ẹ máa ń bi mí nípa owó. Owó ìlera tí ẹ san mọ́ físà ti kájú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ lórí físà àbẹ̀wò ni wọ́n lè fún ní ìwé owó, síbẹ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ lé aboyún padà nítorí pé kò tíì san. Sọ fún agbẹ̀bí kó bá ọ gba ìwé tí ń jẹ́ kí aboyún gba oògùn àti ìtọ́jú eyín lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan.

Lo folic acid 400 microgram lójoojúmọ́ títí di ọ̀sẹ̀ 12, àti vitamin D 10 microgram. Àmàlà kò ṣe nǹkan kan, máa jẹ ẹ́. Ẹ̀dọ̀ ẹran ni kí o fi sílẹ̀, vitamin A inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ inú. Ẹfun tí àwọn aláboyún máa ń họ jẹ, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í ránṣẹ́ sí ọ: òjé wà nínú rẹ̀. Ní ti àgbo, èmi náà mu ún nígbà tèmi, n ò ní bú u. Ṣùgbọ́n bí o bá máa mu ún, kí agbẹ̀bí gbọ́ ohun tó wà nínú ìgò náà.

Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24. Mọ bó ṣe ń yí. Lọ́jọ́ tí yíyí rẹ̀ bá dín kù, pe ẹ̀ka aboyún lẹ́sẹ̀ kan náà, ìbáà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Bákan náà ni bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí orí ń fọ́ ọ gan-an, tàbí ojú ń ṣú ọ, tàbí ọwọ́ àti ojú wú lójijì. Ibí yìí ni ìwà ọmọlúàbí wa ti ń ṣe wá ní jàǹbá. “Màmá, mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu.” Mo ti gbọ́ ọ títí. Yọ wọ́n lẹ́nu! Àwọn obìnrin dúdú ń kú sí ìbímọ ju àwọn funfun lọ nílẹ̀ yẹn, ìwádìí tiwọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀ ọ́ wò tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tí ó tún dín kù lọ́la, pè wọ́n padà.

Láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀gbẹ́ ni kí o máa fi sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, gba MATB1 lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ìwé ẹ̀rí oyún tí wàá fi gba ìsinmi àti owó ìbímọ níbi iṣẹ́.

Ìyá rẹ tó fẹ́ wá wẹ ọmọ, kó tètè tọ́jú ìwé rẹ̀: ó lè béèrè fún físà àbẹ̀wò láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìnàjò. Kó mú aṣọ òtútù dání. Èmi kó ìró àti bùbá lọ ní oṣù kìíní.