Púlì fúyẹ́fúyẹ́ lára Honda Civic: èyí tí mo dè àti èyí tí mo dá padà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń gbé Honda Civic ọdún 1998 rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Orogún ló ra púlì mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwo roboto tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń gbà lórí: ti kíráǹkì (irin gígùn tí ẹ́ńjìnnì ń yí), ti alternator (tó ń ṣe iná fún bátìrì) àti ti páwà sítíárìn. Álúmíníọ̀mù ni gbogbo wọn, pupa tó ń dán. Wọ́n ti sọ fún un pé bí púlì bá fúyẹ́, mọ́tò á yára sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi dè wọ́n lónìí, ohun tó bá yá kì í pẹ́ mọ́." Mo ní kó jókòó ná.

Kì í kúkú ṣe irọ́ ni wọ́n pa fún un. Álúmíníọ̀mù tó tóbi bákan náà pẹ̀lú irin, ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ. Gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí, agbára ló ń ná lé e lórí kó tó yára. Púlì tó bá fúyẹ́ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dáhùn bí èèyàn bá tẹná. Gíà kìíní àti ìkejì lẹ ti máa mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn tẹ́ ẹ bá máa mọ̀ ọ́n rárá. Tẹ́ ẹ bá ti dé gíà karùn-ún lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó, ìwúwo mọ́tò fúnra rẹ̀ ti bo ti púlì mọ́lẹ̀. Kò ní fi kún ibi tí eré rẹ̀ mọ, epo kò sì ní dín débi tí àpò á fi mọ̀.

Púlì kíráǹkì ni ọ̀rọ̀ wà. Mo fi jáàkì gbé mọ́tò náà sókè, mo yọ táyà iwájú lọ́wọ́ òsì àti ike abẹ́ fẹ́ńdà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Púlì tí wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin inú wà, irin òde wà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ rọ́bà yẹn rèé. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin máa ń sọná lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Tó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń sọná nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo nìyẹn. Gbogbo bó ṣe ń sọ ló ń lọ́ kíráǹkì díẹ̀, bí ẹni ń fún aṣọ tutù, kíráǹkì á sì tún ná padà. Tí eré ẹ́ńjìnnì bá wá ṣe déédéé bí irin yẹn fúnra rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ìlọ́ra náà á máa ga sí i. Rọ́bà àti irin òde ló ń gbà á mọ́ ọn lára. Bá a bá yọ wọ́n tá a fi álúmíníọ̀mù gbọn-in síbẹ̀, gíà pọ́ńbù ọ́ìlì tó jókòó sórí kíráǹkì níwájú níbẹ̀ gan-an ló lè jẹ ìyà rẹ̀, tàbí bíárìn, ó sì lè jẹ́ kíráǹkì fúnra rẹ̀ ló máa ṣẹ́.

"Ọ̀gá, ọ̀rẹ́ mi ní Èkó ti ń lo tiẹ̀ ó ti pẹ́, kò ṣe nǹkan kan."

Mo gbà fún un. Kíráǹkì onísílíńdà mẹ́rin kúrú, ó sì le, ó lè fara dà á títí. Onísílíńdà mẹ́fà tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, irú ti BMW, ni kíráǹkì rẹ̀ gùn, ibẹ̀ sì léwu ju tiwa lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí púlì wọn kò ní rọ́bà láti ilẹ̀; ìyẹn, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú wa ní rọ́bà, rọ́bà náà sì ti sán. Mo ní ti álúmíníọ̀mù kọ́ ló máa wọlé síbẹ̀ lọ́wọ́ tèmi.

A gba Arárọ̀mí ní Géètì lọ, a ra tuntun tó ní rọ́bà. Tòkunbọ̀ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá ti le bí òkúta, ẹ fi sílẹ̀.

Bọ́ọ̀tì kíráǹkì Honda kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn kan máa ń fi sípánà gbè é mọ́ ilẹ̀, wọ́n á wá fi síátà jà á. Ẹ má dán an wò lára Civic yìí. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí púlì, òsì ni ẹ́ńjìnnì ń yí sí, òsì náà sì ni wọ́n ń tú bọ́ọ̀tì sí. Síátà á kàn máa fún un pọ̀ sí i ni. Irin onígun mẹ́fà tó bá ihò àárín púlì mu ni mo kì bọ̀ ọ́, ọmọ iṣẹ́ mi dì í mú, mo fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà. Ó dún gbàà! Ó tú.

Púlì páwà sítíárìn kò ní wàhálà: ó ṣe déédéé èyí tó wà níbẹ̀, ó kàn fúyẹ́ ni. Mo dè é. Ti alternator ni wọ́n ṣe tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí alternator lè máa yí díẹ̀díẹ̀, kó má jẹ agbára ẹ́ńjìnnì. Ọmọkùnrin náà ní ká ṣáà dán an wò. Mo dè é, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo fi mítà sórí bátìrì. Tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú AC àti iná iwájú, tí ẹ́ńjìnnì ń sinmi, fóltì 13.9 ló kà. Báyìí ó kà 12.4. Bátìrì tó kún tó sì ń sinmi máa ń wà ní 12.6, ìyẹn ni pé bátìrì ló ń bọ́ mọ́tò. Ẹ wá gbé irú ẹ̀ sínú gó-sìló Ìwó Road lọ́sàn-án gangan! Kò dúró kí n sọ̀rọ̀ kó tó ní kí n tú u.

A gbé e jáde títí dé Òjóò. Ó ní ó ti ń yára sí i. Èmi ò rí nǹkan kan ju pé sítíárìn ò gbọ̀n mọ́ tí mọ́tò bá dúró, iṣẹ́ rọ́bà tuntun sì nìyẹn.

Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti irin inú kọjá rọ́bà dé irin òde. Ọjọ́ tí ìlà náà ò bá ṣe déédéé mọ́, rọ́bà ti yọ̀ nìyẹn, kó wá pààrọ̀ ẹ̀. Púlì pupa méjì tó kù wà nínú búùtù ẹ̀, ó ní òun ń wá ẹni tó máa rà wọ́n.