Bí mo ṣe so ìwé ẹbí wa mọ́ wiki mi

Èmi ni akọ̀wé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kíkọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ kò le. Ìgbà tí Bàbá bá sọ pé "Akọ̀wé, ìwé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ dà?" tí gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ ẹni, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lọ́jọ́ kan mo tú fódà títí, ó sú àwọn èèyàn, Àǹtí wa kan ní kí wọ́n kúkú máa gbé ìkọ́kọrẹ́ bọ̀ ná.

TiddlyWiki ni mo ń lò, wiki kan, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí a lè fi líǹkì so ojú ewé rẹ̀ mọ́ra. Jeremy Ruston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní 2004. Inú fáìlì HTML kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bá mi ṣí i, kò sì jẹ dátà. Ìtàn ìdílé àti orúkọ ọmọ-ọmọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá ku àwọn ìwé gan-an: PDF ìwé ilẹ̀, fọ́tò Ojúde Ọba, àti ohùn Màmá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì wa. Mi ò fẹ́ rọ́ wọn sínú wiki, torí fọ́tò nìkan lè sọ ọ́ di ẹrù tí kò ní ṣeé gbé. Kí wọ́n jókòó sí fódà wọn, kí wiki máa júwe ọ̀nà fún wa.

Mo di Shift mú, mo fi ọ̀tún mouse tẹ PDF náà, mo yan "Copy as path", mo lẹ ohun tó jáde mọ́ wiki. Kò di líǹkì. Slash Windows ẹ̀yìn ló dà sí (\), ti àdírẹ́sì Firefox iwájú ló dà sí (/). Mo yí gbogbo wọn padà, mo yọ àmì àyọlò tó yí i ká, mo kọ file:/// síwájú rẹ̀. Slash mẹ́ta ni o, ẹ má gbàgbé ẹ̀kẹta. Líǹkì yọ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí àlàfo àkọ́kọ́ wà nínú orúkọ fáìlì ló ti gé. Èyí tó wá jẹ́ rèé:

[ext[Ìwé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀|file:///C:/ebi/iwe/ile-ijebu-ife.pdf]]

Ohun tó ṣáájú igi àárín yẹn ni ojú ń rí, èyí tó tẹ̀ lé e ni àdírẹ́sì.

Mo da fódà náà sórí flash fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣàgámù. Wọ́n pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà: "Àbúrò, ìkankan ò ṣí nínú ohun tó o kó fún mi yìí." Báwo ni yóò ṣe ṣí? C:/ebi kò sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n fi lẹ́tà flash rọ́pò C, àmọ́ lẹ́tà yẹn náà máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Mo bá gbé wiki fúnra rẹ̀ sínú fódà ebi, mo sì kọ ./iwe/ile-ijebu-ife.pdf. Àmì ìdúró kan àti slash yẹn ń sọ pé "láti ibi tí mo wà yìí". Bí a ṣe ń júwe ilé fún ará àdúgbò náà nìyẹn: ilé kejì sí tiwa, ó parí.

Ó ku pàkúté kan. Tí mo bá fi wiki pamọ́ láti Firefox, inú Downloads ni ẹ̀dà tuntun ń bọ́ sí. Mo ṣí ẹ̀dà yẹn láìfura, gbogbo líǹkì sì kú, torí Downloads kò ní fódà iwe. Mo lọ sí ètò Firefox, mo ní kó máa bi mí ní ibi tí màá fi nǹkan sí. Báyìí, orí ti àtijọ́ nínú ebi ni mò ń fi lé.

Èyí tó jẹ mí lóorun jù ni àmì ohùn èdè wa. Fáìlì kan ń jẹ́ Ilẹ̀.pdf, orúkọ tí mo fún un láti orí fóònù. Mo tẹ Ilẹ̀.pdf sínú líǹkì láti orí kọ̀ǹpútà. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan, síbẹ̀ Firefox ní òun kò rí fáìlì. Ìgbà tí mo ṣe ẹ̀dà àdírẹ́sì méjèèjì ni mo rí i: ẹ̀ ti kọ̀ǹpútà jẹ́ %E1%BA%B9%CC%80, ti fóònù jẹ́ %C3%A8%CC%A3. Ọ̀kan kọ ẹ kó tó fi àmì ohùn lé e lórí, èkejì kọ è kó tó fi ẹsẹ̀ sí i. Kò sí lẹ́tà ẹ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì tọ́, Windows sì kà wọ́n sí orúkọ méjì.

Mo bọ́ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ fáìlì, mo fi àmì sí ojú líǹkì nìkan. Ìyẹn náà bí ti ẹ̀: iwe-ile.pdf di méjì, ti ilé Màmá àti ti ilẹ̀ oko! Mo wá ń fi orúkọ ìlú tàbí orúkọ èèyàn gùn ún.

Líǹkì tó lọ sí fódà kàn ń to orúkọ fáìlì sílẹ̀ nínú Firefox ni, ó sì tó fún fọ́tò regbéregbé. Fáìlì Word ni kí ẹ ṣọ́ra fún: Firefox ń gbé ẹ̀dà rẹ̀ sí Downloads, mo sì ti tún ìwé ìpàdé kan ṣe lórí ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀. PDF ni mo ń sọ wọ́n dà báyìí. Àwọn ọmọ wa ní London ní kí n gbé wiki sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dán an wò, àmọ́ Firefox àti Chrome kì í jẹ́ kí ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣí fáìlì inú ilé ẹni, wọn ò sì jẹ̀bi.

Mo kó flash tuntun lọ sí Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n pè mí padà, gbogbo rẹ̀ ṣí. Wọ́n ní ohùn Màmá lọ sílẹ̀ jù, kí n lọ bá wọn gbé e sókè.