Bí a ṣe ń lo Handler àti thread ẹ̀yìn nínú áàpù Android

Ká ní áàpù yín ń gbé iye owó tòmátì àti ata ní ọjà Ìpàta, n'Ílọrin, wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá kọ iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà sínú onClick (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì) gan-an, áàpù á kú pẹ̀lú NetworkOnMainThreadException. Thread ni ojú ọ̀nà tí iṣẹ́ inú áàpù ń gbà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Main thread ló ń ya ojú áàpù, òun náà ló ń gbọ́ ìfọwọ́kàn. Fóònù tó ń yàwòrán nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò fún un ju nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 16 lọ fún yíyà kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì kọ̀ tí kò dáhùn ìfọwọ́kàn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, Android á bi oníbàárà bóyá kí òun pa áàpù yín.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìyọ̀ǹda INTERNET sínú AndroidManifest.xml. Lẹ́yìn náà, nínú Activity (kíláàsì tó ń ṣàkóso ojú ìwé kan nínú áàpù), ẹ kọ osise, tí yóò ṣiṣẹ́ lórí thread ẹ̀yìn, àti Handler iranse, tí yóò gbé èsì padà sí main thread:

```java
ExecutorService osise = Executors.newSingleThreadExecutor();
Handler iranse = new Handler(Looper.getMainLooper());
```

Nínú onClick:

```java
osise.execute(() -> {
    String iye = gbaIyeOwo();
    iranse.post(() -> {
        if (!isDestroyed()) owoAta.setText(iye);
    });
});
```

gbaIyeOwo ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn. setText ní tirẹ̀ padà sí main thread. Ẹni tó bá pe setText lẹ́yìn lọ́hùn-ún, CalledFromWrongThreadException ló ń wá. Ẹ má kọ `new Handler()` lófìfo mọ́, Android 11 ti ní ká fi í sílẹ̀, òun àti AsyncTask (irinṣẹ́ àtijọ́ fún iṣẹ́ ẹ̀yìn). Lórí thread tí kò ní Looper (èyí tó ń mú iṣẹ́ orí ìlà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan), ńṣe ni `new Handler()` máa dá áàpù dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ń fò kọjá ni pípalẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló le jù. Tí oníbàárà bá yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́, Activity àtijọ́ máa ń kú, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ń fà lójú ọ̀nà Òmù-Àrán, èsì lè dé lẹ́yìn tí ojú ìwé ti kú, iṣẹ́ tó ń dúró de èsì á sì di Activity òkú náà mú nínú mẹ́mórì. Ẹ kọ èyí sínú onDestroy, tí Android ń pè tí Activity bá fẹ́ kú, kẹ́ ẹ tó pe super:

```java
osise.shutdownNow();
iranse.removeCallbacksAndMessages(null);
```

Ohun tó ti tò sórí ìlà nìkan ni removeCallbacksAndMessages lè yọ. Èyí tó ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì lè dé, torí shutdownNow kì í fìgbà gbogbo já ìkànsí tó ń dúró. Ìdí rèé tí isDestroyed fi wà nínú post. Bí HttpURLConnection lẹ ń lò, ẹ fi setConnectTimeout àti setReadTimeout sí mílísẹ́kọ́ńdù 10000, kó má baà dúró kalẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí owó máa tún ara rẹ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, postDelayed pẹ̀lú mílísẹ́kọ́ńdù 60000, tí iṣẹ́ náà ń tún pè ní gbogbo ìgbà tó bá ṣiṣẹ́, ló tọ́. Ẹ dá a dúró ní onStop, tí Android ń pè tí ojú ìwé kò bá hàn mọ́. Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí bí áàpù tilẹ̀ ti wà ní títì, WorkManager ni kẹ́ ẹ gbé e fún.