Bí mo ṣe tọ́jú ojú màmá mi nígbà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì mú un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kọ́níà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kọ́níà fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ìjẹ̀bú-Òde ni màmá mi ń gbé, Èkó la ti ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, wọ́n yọ awọ iwájú ẹyinjú tó ti ṣú, wọ́n fi ti ẹni tó ti kú rọ́pò ẹ̀. Ó ń lọ dáadáa títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń ro wọ́n, wọn ò lè wo ìmọ́lẹ̀, mo wá rí nǹkan funfun kékeré kan níbi òwú tí wọ́n fi rán an. Aládùúgbò kan ní ká fún omi ewé sí i, òmíì ní wàrà ọmú, mo ní rárá o, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tá a fi wọ mọ́tò Èkó.

Dókítà ha ibẹ̀ díẹ̀, láàbù wò ó, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, Candida. Ó ní ó lè gba ibi òwú tó tú wọlé, ó sì lè ti wà lára kọ́níà yẹn látilẹ̀, torí omi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí bíi Optisol-GS, gentamicin àti streptomycin ló wà níbẹ̀, bakitéríà nìyẹn ń pa, kì í pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Èyí tó ká mi lára jù ni stẹ́róìdì, oògùn tá a ń kán sójú wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Òun ni ò ní jẹ́ kára kọ kọ́níà tuntun, òun náà ló tún ń ṣílẹ̀kùn fún fọ́ńgọ́ọ̀sì. Dókítà ló dín in kù o, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì lọ rà á ní kẹ́mísì torí pé ojú pọ́n.

Natamycin 5%, oògùn ojú tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, ni wọ́n kọ fún wa, wákàtí wákàtí, tọ̀sán tòru. Mo ṣe àlámù sórí fóònù, èmi àti àbúrò mi pín òru mọ́ra wa lọ́wọ́. Màá fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, màá wá mi ìgò yẹn dáadáa torí pé oògùn funfun inú ẹ̀ máa ń sọ̀ sísàlẹ̀, tẹ́ ò bá mì í omi lásán lẹ máa kán. Màmá á gbójú sókè, màá rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, drọ́ọ̀pù kan péré, ẹnu ìgò ò gbọdọ̀ kan ojú rárá. Tí oògùn míì bá wà, a máa dúró bí ìṣẹ́jú 5 kí èkejì má baà ṣan ti àkọ́kọ́ dànù. Ó máa ń gbẹ funfun sára irun ojú, òwú tútù tí mo fi omi híhó tó ti tutù rin ni mo fi ń nù ún.

Òru ló le jù. Màmá á ní "jẹ́ n sùn jàre", màá ní "Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni". Wọ́n tún fẹ́ padà sídìí agbada gàárì wọn, mo ní ẹ̀ẹ́fín àti eruku ò gbọdọ̀ súnmọ́ ojú yìí.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í tètè lọ, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni. Ibi funfun yẹn ti jinná, ó fi àpá díẹ̀ sílẹ̀, dókítà sì ti dá stẹ́róìdì padà díẹ̀díẹ̀, òun ló ń sọ iye tá a máa kán.