Kí ẹ tó gba iṣẹ́ máàkẹ́tà ní Iléṣà, ẹ jẹ́ ká jọ ka owó náà

Ọmọ àbúrò màmá mi pè mí láti Èkó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta mílìkì, ọṣẹ àti bisikíìtì fẹ́ gbà á ní máàkẹ́tà fún agbègbè Iléṣà àti Ifẹ̀. ₦140,000 lóṣù, ₦30,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ọkọ̀, kọmíṣàn sì wà lọ́tọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó yìí kò lè tó mi jẹ l'Ékòó, àmọ́ tí mo bá dé Iléṣà, mo ti di olówó nìyẹn." Mo ní kó má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ ta ọjà níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti pààrọ̀ ọ̀gá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọdé tó kó ẹrù wá tayọ̀tayọ̀, tí gbèsè sì lé wọn padà kí ọdún tó yípo. Ohun tí mo bá a sọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ mú bírò àti ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí kò ní dé ọwọ́ yín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ yín, kí ilé-iṣẹ́ sì fi ìpín 10 tì í láti àpò tirẹ̀. Nínú ₦140,000, ₦11,200 ti lọ. Lẹ́yìn náà ni owó orí. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa lọ́dún. Ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ₦2,200,000 tó bá tẹ̀ lé e. Ó sì fàyè gbà yín láti yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ẹ san lọ́dún kúrò kí wọ́n tó ṣírò, àmọ́ ohun tí ẹ máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Nítorí èyí, rìsíìtì owó ilé ti di nǹkan gidi. Àwọn bàbá onílé wa níbí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gba owó, wọn kì í kọ nǹkan kan. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kọ rìsíìtì náà fúnra yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ bàbá kó buwọ́ lù ú.

Tí owó ilé yín bá jẹ́ ₦180,000 lọ́dún, bí èmi ṣe ń san fún rúùmù àti pálọ̀ mi, owó orí yóò jẹ́ nǹkan bíi ₦8,900 lóṣù. Ohun tó máa wọ báńkì yín kò ju ₦120,000 lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé kò gba àkókò púpọ̀. ₦180,000 yẹn, tí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ₦15,000 ni. Òun ló ń tan àwọn ará Èkó jẹ. Ẹ ṣáà má wá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ di Yunifásítì Iléṣà ní ọdún 2022 ni owó ilé àyíká ibẹ̀ ti gbéra. Ẹ béèrè bóyá kànga ilé náà máa ń gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bóyá mítà yín dá wà tàbí ẹ máa bá ojúlé mẹ́ta pín in, àti bóyá Band A (àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, ó kéré tán) ni iná àdúgbò náà. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A sókè sí ₦225 fún wákàtí kílówáàtì kan. Ẹni tó ní fíríìjì gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí ojú ọ̀nà ni owó máàkẹ́tà ń kú sí. L'Ékòó, wọ́n lè fún yín ní ọjà kan péré, kí ẹ sì máa tajà níbẹ̀ dé òpin oṣù. Níbí, agbègbè kan lè gba ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún. Ọjọ́ Ajé, Ọjà Atakúmọ̀sà ni mo máa ń wà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Òṣú ni mo máa kọ́kọ́ yà kí n tó dé Lágere àti Sábó ní Ifẹ̀, kí n tó padà. Ọjọ́rú, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Èsà-Òkè, ó di Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọjọ́bọ̀, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ọjọ́ Ẹtì, mo ń gba owó kiri. Tí ilẹ̀ bá ṣú bá yín sí Ìmẹ̀sí, tí èrò kò sì pé, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá ọkọ̀ náà gbé. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan rí, èrè ọ̀sẹ̀ yẹn ló bá a lọ.

Nínú ìwé tí mo ń kọ ìnáwó mi sí, tí mo bá pín in dọ́gba, ₦2,500 lójúmọ́ ni ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ń gbà lọ́wọ́ mi. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ₦50,000. Ilé-iṣẹ́ ní òun máa fún ọmọ àbúrò màmá mi ní ₦30,000. Ta ló máa san ₦20,000 tó kù?

Ẹ wá yọ wọ́n tẹ̀ léra. ₦120,000, ọkọ̀ gba ₦50,000, ó ku ₦70,000. Ilé gba ₦15,000, ó ku ₦55,000. Oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo tó ń se é fúnra rẹ̀, ₦40,000. Iná, dátà àti káàdì ìpè, ₦10,000. Ó ku ₦5,000. Ẹ kò tíì ra aṣọ ẹbí, ẹ kò tíì fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá yín. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún un pé kó má bá wọn dúnàádúrà lórí owó oṣù rárá. Owó ọkọ̀ ni kó dúró lé lórí, kó sì ní kí wọ́n máa fi rìsíìtì san án tàbí kí wọ́n máa tún un wò bí owó epo bá ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, bẹntiróòlù fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà mi kò yẹ̀ fún oṣù méje.

Kọmíṣàn wá ńkọ́? Ìbéèrè méjì péré. Àkọ́kọ́: ṣé lórí ọjà tí mo bá tà ni, àbí lórí owó tí mo bá gbà wọlé? Èkejì: níbo ló ti ń bẹ̀rẹ̀? Ká ní táàgẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn iye owó tí wọ́n ní kí ẹ pa wọlé lóṣù, jẹ́ ₦5,000,000, kọmíṣàn jẹ́ ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò sì ní san nǹkan kan tí ẹ kò bá dé ìpín 80. Ẹni tó gba ₦4,000,000 wọlé máa rí ₦40,000. Ẹni tó gba ₦3,900,000 kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ sì mọ ìgbà tí owó ń wà nílùú. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti oṣù kẹwàá, tí kòkó bá ti ń wọ ọjà, títí wọ Kérésì, àwọn alágbàtà á máa fowó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá di oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, àwìn ni gbogbo wọn ń béèrè. Ifẹ̀ ní tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé e. Ní ọdún 2022, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì di oṣù kẹwàá, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo ń já ọjà fún ní Lágere kò ra páálí kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léraléra. Táàgẹ́ẹ̀tì mi kò sì dín. Ẹ ní kí wọ́n pín táàgẹ́ẹ̀tì náà gẹ́gẹ́ bí oṣù ṣe rí.

Àwìn ló kù. Láyé àtijọ́, àwọn bàbá wa Ìjẹ̀ṣà ló máa ń gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n á tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Ṣùgbọ́n aṣọ tiwọn ni wọ́n ń tà. Ẹ̀yin, ọjà ọlọ́jà lẹ gbé lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá ṣe yọ ₦312,000 lára owó mi díẹ̀díẹ̀ nítorí oníṣọ́ọ̀bù kan tó kó ọjà tó sì ti ilẹ̀kùn lọ. Ọ̀gá mi ló ní kí n fún un lọ́jà, ẹnu ló fi sọ ọ́, kò kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í já ọjà àwìn láìsí àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀gá lórí fóònù mi. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: tí oníbàárà bá sá lọ, ọrùn ta ni gbèsè náà wà? Kí èsì wọn jẹ́ kíkọ.

Ọmọ àbúrò màmá mi ti fi ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n gbé owó ọkọ̀ dé ₦45,000, wọ́n sì kọ ọ́ pé gbèsè tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí kò ní kàn án. Ti táàgẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni yóò dé. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa sùn fún oṣù kan ná, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà Ìmẹ̀sí kí ó tó lọ san owó ilé fún ẹnikẹ́ni.